Bí A Ṣe Ń Gé Ìwé Ìtàn Àròsọ Tó Gùn Jù

Ẹ ti kọ ìwé ìtàn àròsọ yín parí. Ẹ wo iye ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó jẹ́ 150,000. Ibi tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí kò gbà ju 105,000 lọ, tàbí kẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ bá yín kà á ń sọ pé àárín rẹ̀ ń fà. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń ṣe ni pé wọ́n á padà sí ojú-ewé kìíní, wọ́n á yọ ọ̀rọ̀ kan níbí, wọ́n á yọ méjì lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn oṣù méjì wọ́n á ṣì wà ní ojú-ewé 80, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ kò ní ju 2,000 lọ, iṣẹ́ náà á sì ti sú wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ojú-ewé tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 12, tí àlàfo ìlà rẹ̀ jẹ́ oníméjì, sábà máa ń gba 250 sí 300 ọ̀rọ̀. Tí a bá fi 300 ṣe é, 150,000 ọ̀rọ̀ jẹ́ ojú-ewé 500. Bí ẹ bá yọ 20 ọ̀rọ̀ lójú-ewé kọ̀ọ̀kan, 10,000 péré lẹ yọ. 45,000 lẹ sì ń wá. Ìyẹn ń béèrè 90 ọ̀rọ̀ lójú-ewé kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò sí ìwé tí ẹ ó rẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo gbólóhùn rẹ̀ kúrò tí ohùn òǹkọ̀wé rẹ̀ kò ní pòórá.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó tóbi jù: ẹ̀ka ìtàn ṣáájú, ẹ̀dá-ìtàn tẹ̀ lé e, ìran tẹ̀ lé ẹ̀dá-ìtàn, ìpínrọ̀ tẹ̀ lé ìran, gbólóhùn ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti orí gbólóhùn bẹ̀rẹ̀ máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí orí kan tó yẹ kó yọ dànù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, orí náà á ti dán débi pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè gbé e sọnù mọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ pa ìwé náà tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán. Mẹ́fà sàn jù. Bí gbólóhùn inú rẹ̀ bá ṣì wà lórí yín, ohun tí ẹ ní lọ́kàn lẹ ó máa kà, ẹ kò ní rí ohun tó wà lórí ìwé.

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, ẹ kọ ọjọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹ má ṣe ṣí i mọ́. Orí ẹ̀dà kejì lẹ ó ti máa ṣiṣẹ́. Ẹ tún ṣí fáìlì òfìfo kan, ẹ pè é ní Àfipamọ́. Gbogbo ohun tí ẹ bá gé tó ju ìpínrọ̀ kan lọ, ibẹ̀ ni kó lọ, kí ẹ kọ nọ́ńbà orí tó ti wá sí òkè rẹ̀. Fáìlì yìí ló ń fún ọwọ́ nígboyà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ohun tí òun yọ ṣì wà níbì kan máa ń gé ju ẹni tó rò pé òun ń sọ ọ́ sínú odò lọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló máa padà bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ kàn án níwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ iye tí ẹ ń lé. Lágbo ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì, 80,000 sí 100,000 ọ̀rọ̀ ni ọ̀pọ̀ atẹ̀wé máa ń retí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ rẹ̀ wá fún àgbàlagbà. Àwọn tó ń fún ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ní ẹ̀bùn Hugo ka ìtàn tó bá ti tó 40,000 ọ̀rọ̀ sí ìwé ìtàn gígùn. Ẹ má kàn gbé iye wọ̀nyí lé ìwé Yorùbá lórí o. Èdè wa máa ń kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kéékèèké lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó, ń, ti, sì, tí, pé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni kọ̀ǹpútà ń kà. Ẹni tó kọ «nítorí pé» á ní ọ̀rọ̀ méjì, ẹni tó kọ «nítorípé» á ní ẹyọ kan. Fún ìwé Yorùbá, ẹ fi ojú-ewé díwọ̀n. Bí atẹ̀wé bá dárúkọ iye ọ̀rọ̀, ẹ béèrè bóyá ó ní ìwé Yorùbá kan tó fi ṣe àpẹẹrẹ ìwọ̀n tó fẹ́.

Àtẹ ìran

Ẹ ka ìwé náà láti òkè délẹ̀ láìtún ohunkóhun ṣe. Pẹ́ńsùlù kan àti ìwé kékeré kan tó. Bí ẹ ṣe ń kà, ẹ máa kọ ìlà kan fún ìran kọ̀ọ̀kan. Ohun tí à ń pè ní ìran ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ níbì kan, lákòókò kan. Bí ibi bá yí padà tàbí tí àkókò bá fò, ìran mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé 150,000 ọ̀rọ̀ tí ìran rẹ̀ ń gba bí 1,500 máa ní ìran bí 100, nítorí náà àtẹ yín máa jẹ́ ìlà 100.

Kọ nọ́ńbà ìran, orí tó wà, ibi àti ọjọ́, ẹ̀dá-ìtàn tí a ń fi ojú rẹ̀ wo ọ̀rọ̀, iye ọ̀rọ̀ (ẹ fa àwọ̀ bo ìran náà lórí kọ̀ǹpútà, á sọ iye rẹ̀ fún yín), àti ohun tó yí padà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo àtẹ náà dá lé. «Àṣàkẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ilé» kì í ṣe àyípadà. «Àṣàkẹ́ gbọ́ pé wọ́n ti ta ilé bàbá rẹ̀» ni àyípadà. Àyípadà túmọ̀ sí pé ẹnì kan mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó pinnu ohun kan, ó pàdánù nǹkan, ó rí nǹkan gbà, tàbí àárín òun àti ẹlòmíràn kò rí bó ṣe rí mọ́. Bí ẹ bá wo ìran kan títí tí ẹ kò mọ ohun tí ẹ ó kọ síbẹ̀, ẹ fi àlàfo sílẹ̀. Àlàfo náà ti sọ̀rọ̀.

Ẹ wá fi àmì sí ìran kọ̀ọ̀kan. A: bí kò bá sí, ìtàn á wó. B: ó ń ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ìran mìíràn ń ṣe irú rẹ̀. D: kò sí ohun tó yí padà. Òǹkọ̀wé tó bá jẹ́ olóòótọ́ kì í ní A tó pọ̀ ju ìdajì lọ nígbà àkọ́kọ́. Tí gbogbo ìlà yín bá jẹ́ A, ẹ fún ẹlòmíràn tó ti ka ìwé náà ní àtẹ òfìfo, kí ó fi àmì tirẹ̀ sí i láìrí tiyín.

Àwọn B ni kí ẹ wò dáadáa, torí níbẹ̀ ni ọrọ̀ wà. Nínú ìwé tó gùn jù, ìṣípayá kan náà sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta: olú ẹ̀dá-ìtàn gbọ́ àṣírí lórí 9, ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí 11, ọ̀rẹ́ sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lórí 12. Òǹkàwé ti mọ̀ ọ́n láti orí 9. Gbólóhùn kan, «Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Ṣadé», á gbé orí 11 àti 12 kúrò nílẹ̀.

Nígbà tí àtẹ bá parí, ẹ pín gbèsè náà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìran 16 ló yọ dànù: 24,000 ti lọ, ó ku 126,000. Nínú ìran 84 tó kù, ẹ gé bí 100 ọ̀rọ̀ lórí àti ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 8,400 tún lọ, ó ku 117,600. Ìyẹn jẹ́ ojú-ewé 392. 12,600 tó ṣẹ́kù wá di bí 32 ọ̀rọ̀ lójú-ewé kọ̀ọ̀kan, èyí tí gbólóhùn lè gbé láìdárò.

Ẹ̀ka ìtàn, ìbẹ̀rẹ̀, àti ẹ̀dá-ìtàn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà

Ẹ mú ẹ̀ka ìtàn kọ̀ọ̀kan tí kì í ṣe òpó ìtàn, ìyẹn ìtàn gan-an tó gbé ìwé náà ró, ẹ bi í léèrè ohun kan: bí a bá yọ ọ́, ǹjẹ́ orí tó kẹ́yìn máa yí padà? Bí kò bá ní yí padà, ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ̀ka náà ti fara kan òpó ìtàn. Bí ó bá jẹ́ ibi méjì péré, tí ẹ sì lè rí ẹlòmíràn tó máa gbé iṣẹ́ ibi méjèèjì yẹn, ẹ̀ka náà lè lọ. Ẹ má ṣe gé e ní ìdajì. Ẹ̀ka tí a gé ní ìdajì burú ju èyí tí a fi sílẹ̀ lódindi lọ, nítorí òǹkàwé á máa retí ohun tí kò ní dé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé: ẹ wá ìṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́ tí olú ẹ̀dá-ìtàn kò lè padà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Bí ó bá wà lójú-ewé 60, àwọn ojú-ewé tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ìpalẹ̀mọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín nílò láti mọ ẹ̀dá-ìtàn yín. Òǹkàwé kò nílò gbogbo rẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ gbé ìṣẹ̀lẹ̀ náà sí ojú-ewé 15 tàbí 20, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ kìkì ohun tí òǹkàwé gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó yé e. Ó sábà máa ń jẹ́ ohun mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìyókù, títí kan ìgbà èwe àti bí òbí ṣe pàdé, lè dúró de ìgbà tí ìbéèrè nípa rẹ̀ bá ti wà lọ́kàn òǹkàwé.

Pípa ẹ̀dá-ìtàn méjì pọ̀ di ẹyọ kan ló ń mú èrè tó pọ̀ jù wá, òun náà ló sì ń fa àṣìṣe jù. Ẹ wo ìtàn tí Àṣàkẹ́ ti ń wá àbúrò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé àbúrò náà ti wá sí ilé ìwòsàn, ọ̀rẹ́ àbúrò náà sì sọ fún un pé ó jẹ gbèsè. Àwọn méjèèjì ní ìpínrọ̀ tí a fi júwe wọn, méjèèjì ní ilé tí Àṣàkẹ́ wọ̀, méjèèjì kọ́kọ́ kọ̀ láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Bí ọ̀rẹ́ náà bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, ìran mẹ́rin á di méjì. Ohun tó tún dára sí i ni pé ẹni tó mọ̀ nípa ìwòsàn tó sì tún mọ̀ nípa gbèsè ní ẹrù lọ́kàn ju ẹni tó mọ ẹyọ kan lọ.

Kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀, ẹ kọ gbogbo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tó ṣì máa wúlò níwájú: ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, nǹkan tí wọ́n fi fúnni, ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan lè wà ní ibi méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ yan orúkọ.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ pààrọ̀ orúkọ gbogbo lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ní kí ó fi «Ṣọlá» rọ́pò «Adé», Adébáyọ̀ tó wà lórí 20 á di Ṣọlábáyọ̀, àyàfi tí ẹ bá ní kí ó máa wá odindi ọ̀rọ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ orúkọ sì kéré. Nínú èdè Yorùbá, «ó» àti «rẹ̀» kò sọ akọ tàbí abo, nítorí náà bí ọkùnrin bá di obìnrin, arọ́pò-orúkọ kò ní dà yín láàmú. Ọjọ́ orí ló máa dà yín láàmú. Bí nọ́ọ̀sì náà bá ju Àṣàkẹ́ lọ, tí ọ̀rẹ́ sì kéré sí i, gbogbo «o» gbọ́dọ̀ di «ẹ» nínú ọ̀rọ̀ tí Àṣàkẹ́ ń bá a sọ, «rẹ» á di «yín», «ó ní» á di «wọ́n ní» níbi tí a ti ń fi ojú Àṣàkẹ́ wò ó, ẹni tó ń kúnlẹ̀ sì lè yí padà. Olóòtú tó bá pàdé «Ṣé o ti jẹun?» tí Àṣàkẹ́ ń sọ fún ẹni tó ti ń pè ní ẹ̀gbọ́n á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnì kan ti kú síbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ gbogbo ìtàkurọ̀sọ wọn tuntun, kí ẹ má lẹ àtijọ́ mọ́ ara.

Orí ìran àti ìdí rẹ̀

Ìran tó kù ní ibi méjì tó máa ń sanra: ibi tí ẹ ti wọlé àti ibi tí ẹ ti jáde. Ẹ wo èyí:

«Ẹ káàárọ̀, sà.»
«Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?»
«Dáadáa ni, sà.»
«Àwọn ará ilé ń kọ́?»
«Wọ́n wà, sà.»
«Jókòó. Ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta.»
«Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kọ́kọ́rọ́ tí mo ní kí ẹ bá mi tọ́jú ni mo wá gbà.»
«Kọ́kọ́rọ́? Àbúrò rẹ ti wá gbà á lánàá.»
«Àbúrò mi?»
«Òun ni. Ó ní ìwọ lo rán òun.»
Àṣàkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó dìde, ó jáde, ó wọ ọkọ̀, ó sì ń ro ọ̀rọ̀ náà títí ó fi délé.

Ìlà keje ni ìran náà ti bẹ̀rẹ̀, «Ó ní ìwọ lo rán òun» ló sì parí rẹ̀. Ọkọ̀, dídìde àti ríronú kò fi nǹkan kan kún un. Ìran tó tẹ̀ lé e lè bá Àṣàkẹ́ níbi tó ti dé ẹnu ọ̀nà àbúrò rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di òfin pé gbogbo ìkíni ló gbọ́dọ̀ lọ. Bí Àṣàkẹ́ bá kí bàbá náà lẹ́ẹ̀mejì tí kò dáhùn, ìṣẹ̀lẹ̀ nìyẹn, àyípadà sì ti wà nínú rẹ̀. Ìkíni tó rí bó ṣe máa ń rí ni kí ẹ yọ. Èyí tó bá já sí nǹkan, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ gbìyànjú èyí lórí gbogbo ìran: ẹ fi ọwọ́ bo ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ẹ kà láti orí èkejì. Bí ó bá yé yín, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ lè lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìran ló máa ń gbà á.

Ìpínrọ̀

Níbí, irú ohun mẹ́ta ló máa ń jẹ ọ̀rọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni àlàyé tó ń tẹ̀ lé ohun tó ti yé wa. Ẹ̀dá-ìtàn ti ju ife mọ́ ògiri, ẹ wá kọ ọ́ pé inú ń bí i nítorí pé wọ́n tàn án jẹ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òǹkàwé náà ni ọmọlúàbí yẹn. Ẹ fi ife sílẹ̀, ẹ yọ àlàyé.

Èkejì ni ìránnilétí. Ẹni tó kọ ìwé fún ọdún méjì máa ń rò pé òǹkàwé ti gbàgbé ohun tó wà lórí 4, nítorí pé oṣù mọ́kànlá ló wà láàárín ìgbà tí òun kọ orí 4 àti ìgbà tí òun kọ orí 15. Ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín wọn fún òǹkàwé.

Ẹ̀kẹta ni òwe tí a tò léra wọn. Òwe kan tó bọ́ sójú rẹ̀ máa ń gbé ìpínrọ̀ dìde. Èkejì tó ń sọ ohun kan náà á mú kí ti àkọ́kọ́ ṣá, ẹ̀kẹta á sì dá ìtàn dúró. Ẹ yan èyí tí irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà máa pa ní tòótọ́: ọ̀dọ́ àti arúgbó kì í sábà pa òwe kan náà. Bákan náà ni fún àlá, ojú ọjọ́ àti àpèjúwe aṣọ. Ọ̀kan tó ṣe gúnmọ́ ju mẹ́rin lọ.

Gbólóhùn

Nísinsìnyí la dé ibi tí gbogbo ènìyàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí. Ìpínrọ̀ kan rèé, ọ̀rọ̀ 92:

«Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà náà, ó dúró díẹ̀, ó sì rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé bóyá kí òun kan ilẹ̀kùn ni tàbí kí òun má kàn án. Ẹ̀rù ń bà á gan-an ni. Àyà rẹ̀ ń já púpọ̀púpọ̀. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó sì fi ọwọ́ náà kan ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́ nínú yàrá. Ó mọ̀ pé bàbá òun ni, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó ń gbé inú yàrá náà.»

Ó di 27:

«Àṣàkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé kí òun kan ilẹ̀kùn, àbí kí òun máa lọ? Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Ó kan ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ wúkọ́ nínú yàrá.»

Ẹ wo ohun tó lọ. «Bẹ̀rẹ̀ sí í rìn» lọ, nítorí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ti rìn débẹ̀. Ẹ fi «bẹ̀rẹ̀ sí í» sílẹ̀ níbi tí ohun kan bá ti máa dá iṣẹ́ náà dúró nìkan. «Rò ó nínú ọkàn rẹ̀» lọ, ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ di èrò. Ẹ̀rù àti àyà tó ń já jẹ́ ohun kan náà. A mú ti ara, a fi ẹ̀rù sílẹ̀ fún òǹkàwé láti mọ̀. «Gan-an» àti «púpọ̀púpọ̀» fi àyè sílẹ̀ fún «kìkìkì», tó ń dún létí. Ọwọ́ ọ̀tún kò ṣe ohun kan tí ọwọ́ òsì kò lè ṣe. «Ó gbọ́ tí» àti «ó mọ̀ pé» lọ, nítorí ojú àti etí Àṣàkẹ́ la ti ń lò látòkè wá. Ìpínrọ̀ yìí sanra ju ti ọ̀pọ̀ ìwé lọ, ẹ má retí kí gbogbo tiyín rù tó bẹ́ẹ̀.

Àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tún jẹ́ ẹ̀bùn tí èdè wa fún wa. «Ó mú ìwé náà. Lẹ́yìn tí ó mú un tán, ó gbé e fún un» jẹ́ ọ̀rọ̀ 15. «Ó mú ìwé náà fún un» jẹ́ 6. Nínú ìtàkurọ̀sọ, «ó ní» tó ní ọ̀pọ̀ ibi: «ó dáhùn, ó sì fi ìbínú sọ̀rọ̀ pé» níwájú «Jáde nílé mi!» kò wúlò, ìbínú ti wà nínú ọ̀rọ̀.

Ẹ lo ẹ̀rọ láti wá àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti di àṣà lọ́wọ́ yín: bẹ̀rẹ̀ sí í, nínú ọkàn rẹ̀, gan-an, pátápátá, lẹ́yìn náà, ó ṣàkíyèsí pé. Kọ̀ǹpútà á sọ iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ yọ. Ohun kan máa ń tan ènìyàn jẹ níbí. Lẹ́tà tó ní àmì lè wà nínú fáìlì ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ: «ẹ̀» lè jẹ́ ẹ tí a gbé àmì lé, ó sì lè jẹ́ e lásán tí a fi àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè kún. Lójú wa ọ̀kan náà ni wọ́n, àmọ́ ẹ̀rọ lè má rí wọn bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ti lo kíbọ́ọ̀dù méjì tàbí fóònù àti kọ̀ǹpútà láti kọ ìwé náà. Bí ó bá sọ pé «bẹ̀rẹ̀» kò sí nínú ìwé yín, ẹ ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà láti inú ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú àpótí ìwákiri. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn kì í ka àmì rárá, wọ́n á kó «wá», «wa» àti «wà» pọ̀. Nítorí èyí, ẹ má ṣe ní kí ẹ̀rọ pa ohunkóhun rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Orí mẹ́ta lójúmọ́ ti tó fún iṣẹ́ yìí. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú á rẹ̀, ọwọ́ á wá le jù.

Ibi tó máa ń bà jẹ́

Ọwọ́ tó ti mọ gígé lára máa ń gé ohun tó yẹ kó dúró. Àwítúnwí níbi ọ̀fọ̀ tàbí níbi tí ìbànújẹ́ ti dé góńgó kì í ṣe ẹ̀gbin. Ìlù gbólóhùn ló ń gbé e. Ọ̀rọ̀ atọ́ka-ìró, gbì, fìrì, wọ́ọ́wọ́, kò gba àyè rárá, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ gbólóhùn kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ibi tí ènìyàn méjì jókòó tí wọn kò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ikú lè dà bí D nínú àtẹ. Ẹ kà á sókè kí ẹ tó pinnu.

Bí gbogbo gbólóhùn bá ti di kúkúrú, ìwé á máa sá eré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lójú-ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún ṣọ́ra fún gígé tó dọ́gba: ọ̀rọ̀ 400 lórí kọ̀ọ̀kan, bóyá orí náà sanra tàbí kò sanra. Àárín ìwé ló sábà máa ń sanra jù, òpin kì í sábà ní tó láti gé. Ní òpin, a máa ń rí ìwé tí ẹ ní láti fi ojú-ewé kan kún.

Ohun tó kù ni àwọn aláìníbaba: ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ohun tí kò sí mọ́. «Gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ti sọ» níbi tí kò ti sí nọ́ọ̀sì mọ́. Lẹ́tà tí ẹnì kan ń kà tí ẹnikẹ́ni kò fún un. Ẹ padà sí àtẹ, ẹ kọ orúkọ gbogbo ènìyàn, ibi àti nǹkan tó wà nínú ìran tí ẹ yọ, kí ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì tuntun. Ẹ tún ka ọjọ́: bí ìran ọjọ́ Ẹtì bá ti lọ, ẹni tó ń sọ pé «lánàá» lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ń sọ ohun mìíràn nísinsìnyí.

Kíkà tó kẹ́yìn

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé bí ó bá ṣeé ṣe, tàbí kí ẹ yí irú lẹ́tà àti ìwọ̀n rẹ̀ padà kí ojú lè rí i bí ohun tuntun. Ẹ kà á sókè. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, ojú ọgbẹ́ gígé wà níbẹ̀. Ó sábà máa ń nílò ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ kan, kì í ṣe ìpínrọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fún ẹnì kan tí kò rí ti tẹ́lẹ̀ kà, kí ẹ má sọ fún un pé ẹ gé nǹkan. Ẹ ní kí ó fi àmì sí ibi tí kò ti yé e àti ibi tó ti fẹ́ gbé ìwé sílẹ̀. Bí ó bá béèrè bí Àṣàkẹ́ ṣe mọ ilé ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, ẹ ṣí Àfipamọ́, ẹ wá orí tí ọ̀rọ̀ náà wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ mú gbólóhùn méjì jáde nínú ìran 1,500 yẹn. Ìran náà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.